Ìrọ̀lẹ́ fíìmù kéékèèké láti òkèèrè: níbo ló ti máa ń dàrú?

Aláago7

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Ẹgbẹ́ kan ń múra ìrọ̀lẹ́ fíìmù kéékèèké n'Íbàdàn ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá. Fíìmù 14 ni, kò sí èyí tó ju ìṣẹ́jú 5 lọ nínú wọn, láti orílẹ̀-èdè 11. Ìta gbangba ni, nínú ọgbà ilé-ìwé. Èèyàn bí 120 ni wọ́n ń retí. Projẹ́kítọ̀ kan wà nílẹ̀, láptọ́ọ̀pù kan, sípíkà ńlá méjì, jẹnẹrétọ̀ 2.5 kVA. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ iye, ẹ sọ ìwọ̀n. Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ ní kí wọ́n "múra dáadáa".

OníWáyà

Ẹ kú ìmúra. Bó bá jẹ́ fíìmù gígùn kan ni, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa tẹ̀ ẹ́, ó parí. Fíìmù 14 ní oríkèé 13, ibi oríkèé yẹn gan-an ló sì ti ń yẹ̀. Èyí ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, èyí tó tẹ̀ lé e bú jáde bí àrá. Ọ̀kan fẹ̀, ọ̀kan rí tóóró. Láàárín méjèèjì, ojú láptọ́ọ̀pù hàn gbangba sára aṣọ, gbogbo èrò ń ka orúkọ fáìlì yín. Nítorí náà, kí ẹ so gbogbo fíìmù pọ̀ di fáìlì kan kí ọjọ́ náà tó pé, tàbí mẹ́ta bí MC bá máa sọ̀rọ̀ láàárín. DaVinci Resolve ọ̀fẹ́ (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń to fíìmù pọ̀) tó fún un. Kdenlive náà ń ṣe é, kì í sì í béèrè kọ̀ǹpútà tó lágbára.

Ojú àwòrán kí ó jẹ́ 1920×1080. Fíìmù tó fẹ̀ gan-an, irú 2.39:1 (ìbú sí gíga), kò ní ga ju 803 lọ nínú 1080 yẹn. Ẹ jẹ́ kí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú. Ti àtijọ́ tó jẹ́ 4:3 á fẹ̀ dé 1440. Èyí tí wọ́n fi fóònù yà lóòró kò ní ju 608 lọ ní ìbú. Ẹ má fà á kí ó lè kún aṣọ, ojú èèyàn á fẹ̀ bí àwo. Ẹ má sì gé e. Dúdú ẹ̀gbẹ́ kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan.

Lẹ́yìn fíìmù kọ̀ọ̀kan, òkùnkùn ìṣẹ́jú àáyá 3, lẹ́yìn náà káàdì tó ní àkọlé, orílẹ̀-èdè àti ọdún fún ìṣẹ́jú àáyá 4, òkùnkùn 1, kí èyí tó kàn tó bẹ̀rẹ̀. Bí òkùnkùn bá pẹ́ ju 5 lọ, wọ́n á rò pé iná ti lọ, wọ́n á tan fóònù.

Ẹ óò tún bá iye àwòrán láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan pàdé: 24, 25, 30. Ẹ wo èyí tí fíìmù tó pọ̀ jù nínú ti yín ń lò, kí ẹ fi ìyẹn ṣe ti gbogbo fáìlì. Ẹ ṣọ́ra kí ètò orí kọ̀ǹpútà má sáré fíìmù 24 di 25 láìsọ fún yín: á yára ní bí ìdá 4 nínú 100, ohùn á sì ga sókè díẹ̀, inú fíìmù tó ní orin lẹ ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Iye ìgbà tí láptọ́ọ̀pù ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí projẹ́kítọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan (Hz), kí òun náà bá a mu: 50 Hz fún 25, 60 Hz fún 30. Bí ẹ bá fi 60 gbé 25, ohun tó bá ń kọjá láti ọ̀tún sí òsì á máa ta gìrì.

Ẹ gbé e jáde ní H.264 (ọ̀nà tí a ń gbà fún fídíò pọ̀ kó má bàa tóbi jù), 20 Mb/s, ohùn 48 kHz. Ètò oníṣẹ́jú 65 á tó bí 10 GB. Fílááṣì tó bá jẹ́ FAT32 (ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà to fáìlì sínú rẹ̀) kì í gba fáìlì kan tó ju 4 GB lọ, àárín ọ̀nà ló ti máa dá a dúró. Ẹ sọ ọ́ di exFAT.

Ọ̀gáSípíkà

Ẹ̀gbọ́n OníWáyà ti fọwọ́ kan ibi tó ń dunni. Ohùn ló burú jù nínú oríkèé wọ̀nyẹn. Fíìmù tí wọ́n ṣe fún tẹlifíṣọ̀n ní Yúróòpù máa ń wà ní -23 LUFS (òdiwọ̀n bí ohùn ṣe pọ̀ tó; bó bá ṣe sún mọ́ òdo ni ohùn ṣe ń pọ̀). Èyí tí wọ́n ṣe fún íntánẹ́ẹ̀tì máa ń wà ní àyíká -14. Àlàfo 9 dB nìyẹn. Bí ẹ bá ṣí sípíkà dé ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ tàkọ́kọ́ dáadáa, èkejì á lé àwọn arúgbó dìde.

Kí ẹ tó so wọ́n pọ̀, ẹ mú gbogbo wọn wá sójú kan náà. Ẹni tó bá ní ffmpeg (ètò ọ̀fẹ́ tí a ń kọ àṣẹ sí láti tún fíìmù àti ohùn ṣe), ìlà kan ni:

ffmpeg -i fiimu01.mp4 -c:v copy -af loudnorm=I=-18:TP=-2:LRA=11 -ar 48000 fiimu01_ohun.mp4

Mo mú -18 dípò -23 torí pé ihò etí láptọ́ọ̀pù (ibi tí a ń ki wáyà ìgbọ́hùn etí bọ̀) kò lágbára. Bí ohùn bá kéré láti orísun, ẹ máa ṣí míksà ju bó ṣe yẹ lọ, ṣìì-ṣìì á sì bá a jáde.

Ṣùgbọ́n ẹ fi etí gbọ́ ọ lẹ́yìn náà, ẹ má gbà fún ẹ̀rọ. Fíìmù tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ àti ẹsẹ̀ lórí ewé gbígbẹ nìkan ló wà nínú rẹ̀, ffmpeg á gbé e sókè tipátipá, ariwo inú màíkì á wá ju ẹsẹ̀ lọ. Fún irú ìyẹn, ẹ fi I (ìwọ̀n ohùn nínú ìlà òkè yẹn) sí -24, òun nìkan.

Ẹ má lo Bluetooth rárá. Ohùn á pẹ́ lẹ́yìn àwòrán, ẹnu á ti pa dé kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Wáyà ni: láti ihò etí láptọ́ọ̀pù sí míksà, láti míksà sí sípíkà. Bí ẹ bá gbọ́ hùùùn, ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù. Bí hùùùn bá dá, ṣájà ló ń fà á. DI box kan láàárín láptọ́ọ̀pù àti míksà á pa á. Ẹ má gé ẹsẹ̀ ilẹ̀ (earth) kúrò lára púlọ́ọ̀gì bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Ìyẹn lè pa èèyàn.

Ohun kan tún kù. Ẹni tó bá jókòó sápá òsì kì í gbọ́ sípíkà ọ̀tún dáadáa ní ìta gbangba. Ẹ pa ohùn méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan (mono) kí ọ̀rọ̀ má bàa sá fún ìdajì èrò. Sípíkà kí ó ga tó mítà 2 lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ aṣọ, kó má sí lẹ́yìn rẹ̀.

Aláago7

Ẹ ṣeun gan-an ni. Fíìmù Faransé wà nínú wọn, ti Japan, ti Brasil. Ṣé ká fi ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, àbí ká túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá?

Atúmọ̀Alẹ́

Ẹ túmọ̀ rẹ̀. Fíìmù oníṣẹ́jú 4 kì í sábà ní ju ìlà 40 lọ, ìrọ̀lẹ́ kan ló ń gbà. Ṣùgbọ́n ẹ gbàṣẹ kọ́kọ́, Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì á ṣàlàyé ìyẹn.

Bí ọ̀kan ṣe máa ń rí nìyí, nínú fáìlì .srt (fáìlì tó ní ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àti àkókò rẹ̀ nìkan):

7
00:00:12,400 --> 00:00:14,900
Ta ló gbé kọ́kọ́rọ́ náà?

Ìṣẹ́jú àáyá méjì ààbọ̀ nìyẹn fún lẹ́tà bí 21, bí a bá ka àlàfo mọ́ ọn. Ó bọ́ sí i. Ẹ má ju lẹ́tà 15 lọ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ má ju ìlà méjì lọ, ẹ má sì jẹ́ kí ìlà kan kọjá lẹ́tà 38. Èdè wa máa ń gùn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ nígbà mìíràn, ẹ gé e. "Ṣé ìwọ rò pé ó ti tó àkókò tí ó yẹ kí a máa lọ?" ò wúlò. "Ṣé ká máa lọ?" ti tó.

Àmì ohùn ṣe pàtàkì ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Ẹni tó ń ka ìwé lè padà sẹ́yìn. Ẹni tó ń wo fíìmù kò lè padà. "Ọkọ mi ti dé" àti "Ọkọ̀ mi ti dé": bí àmì kò bá sí, obìnrin inú fíìmù á máa sáré lọ pàdé mọ́tò, àwọn èèyàn á máa rò pé ọkọ rẹ̀ ni.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni fọ́ǹtì. Ọ̀ àti ẹ́ jẹ́ lẹ́tà pẹ̀lú àmì méjì, òkè àti ìsàlẹ̀. Fọ́ǹtì tí kò mọ̀ wọ́n á fi àpótí kékeré rọ́pò wọn, tàbí kí ó ti àmì òkè lọ sórí lẹ́tà tó kàn. Noto Sans àti DejaVu Sans ń gbé wọn dáadáa. Ẹ fi fáìlì náà pamọ́ ní UTF-8 (ọ̀nà ìfipamọ́ tó mọ gbogbo lẹ́tà wa). Lẹ́yìn náà ẹ sun ọ̀rọ̀ mọ́ àwòrán pátápátá kó má ṣeé yọ, torí bí ẹ bá fi sílẹ̀ lọ́tọ̀, láptọ́ọ̀pù mìíràn lè ṣí i pẹ̀lú fọ́ǹtì mìíràn:

ffmpeg -i fiimu01_ohun.mp4 -vf "subtitles=fiimu01.srt:force_style='FontName=Noto Sans,FontSize=22'" -c:a copy fiimu01_yo.mp4

Ìdánwò tó dájú: ẹ kọ ìlà kan tó ní ẹ̀ ẹ́ ọ̀ ọ́ ṣ Ẹ̀ Ọ́ Ṣ, kí ẹ wò ó lára aṣọ gan-an. Ojú láptọ́ọ̀pù nìkan kò tó.

Ọmọ_Òkè_Ògùn

Àwọn àgbà tí kò lè kàwé ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan mú màíkì kó máa sọ ọ́ ní Yorùbá bó ṣe ń lọ. Ní Japan láyé fíìmù tí kò lóhùn, benshi ni wọ́n ń pe ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, àwọn kan sì gbajúmọ̀ ju òṣèré lọ.

Ọ̀gáSípíkà

Fíìmù tí kò lóhùn nìyẹn, ọmọ Òkè-Ògùn. Bí fíìmù bá ti ní ohùn tirẹ̀, ohùn méjì á máa jà lórí sípíkà kan. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é dandan, kí ó sọ kókó fíìmù ní gbólóhùn méjì lórí káàdì àkọlé, kó sì dákẹ́. Ó sàn kí ẹ wá fíìmù tí kò lọ́rọ̀ rárá fún ìdajì ètò. Wọ́n pọ̀ gan-an nínú fíìmù kéékèèké, pàápàá èyí tí wọ́n fi ọwọ́ yà.

Ìyá_Tíkẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin ọmọ, àṣẹ dà? Fíìmù tó wà lórí YouTube kì í ṣe fíìmù tí ẹ lè gbé síta fún èèyàn 120. Òfin ẹ̀tọ́ aládàákọ Nàìjíríà ti 2022 fi fífi fíìmù han gbogbo ènìyàn sí ọwọ́ ẹni tó ni ín, bí ẹ ò tilẹ̀ gba kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 8 ṣáájú. Ẹ kọ ímeèlì sí ẹni tó ni fíìmù tàbí ẹni tó ń bá a pín in. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ kò pọ̀: ọjọ́ wo, ibo, ẹ̀ẹ̀mélòó (ẹ̀ẹ̀kan), èèyàn mélòó, ọ̀fẹ́ ni àbí owó, ṣé ẹ máa fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sísàlẹ̀, àti pé ẹ máa pa fáìlì rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà. Àwọn kan á ní ẹ máa gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn mìíràn ní iye tí wọ́n ń gbà. Ẹ tẹ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan síta sórí bébà.

Líǹkì Vimeo tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹ fi wò ó kẹ́ ẹ fi yàn ni. Kì í ṣe fáìlì tí ẹ máa fi hàn. Ó máa ń ní orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sójú rẹ̀. Ẹ béèrè fáìlì gidi, kí ẹ sì fi ọkàn sí dátà: bí wọ́n bá fi ProRes 422 HQ (irú fáìlì ńlá tí àwọn tó ń to fíìmù ń lò) ránṣẹ́, ìṣẹ́jú 4 lé ní 5 GB. Ẹ ní kí wọ́n fi H.264 ránṣẹ́.

Bí fíìmù bá ní àṣẹ Creative Commons (àṣẹ ìlò tí ẹni tó ni ín ti fún gbogbo ènìyàn ṣáájú), ẹ ka lẹ́tà ẹ̀yìn rẹ̀. NC: ẹ má fi pa owó. ND: ẹ má yí i padà, ìtumọ̀ sì wà nínú yíyípadà, nítorí náà ọ̀rọ̀ Yorùbá ìsàlẹ̀ ń béèrè àṣẹ tirẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà láìmọ̀.

Àjọ NFVCB, tí òfin 1993 dá sílẹ̀, ló ń yẹ fíìmù wò kí gbogbo ènìyàn tó wò ó ní Nàìjíríà. Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì wọn tó sún mọ́ yín pẹ̀lú orúkọ fíìmù 14 náà, kí ó tó kù bí oṣù méjì. Ilé-ìwé lẹ máa lò, àwọn ọmọdé á wá. Ẹ wo gbogbo fíìmù látòkè délẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ìṣẹ́jú 3 tó fún ìran kan tí ìyá ọmọ ò ní dárí jì yín.

Aláṣọ_Funfun

Aṣọ: mítà 4 ní ìbú, mítà 2.25 ní gíga. Etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ó fi mítà 1.3 ga kúrò nílẹ̀. Gbogbo èèyàn ló máa ń gbé e wálẹ̀ jù, orí àwọn tó wà níwájú á sì bo ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán tí Atúmọ̀Alẹ́ fi òru ṣe.

Èèyàn 120: àga 12 ní ìlà kan, ìlà 10, sẹ̀ǹtímítà 90 láàárín ìlà. Ìlà àkọ́kọ́ kí ó jìnnà sí aṣọ ní mítà 4, ti ìkẹyìn á wá bọ́ sí nǹkan bí 12. Ẹ má kọjá 13.5, ìyẹn gíga aṣọ lọ́nà mẹ́fà, torí ẹni tó wà lẹ́yìn níbẹ̀ kò ní lè kàwé mọ́. Ẹ fi ọ̀nà mítà 1.2 sílẹ̀ láàárín méjì, àga 6 níhìn-ín, 6 lọ́hùn-ún.

Ọ̀nà yẹn ni projẹ́kítọ̀ máa jókòó. Ẹ wo throw ratio (ìjìnnà rẹ̀ sí aṣọ, tí a fi ìbú àwòrán pín) nínú ìwé rẹ̀. Bó bá jẹ́ 1.5, mítà 6 ni (1.5 × 4). Ẹ gbé e sórí tábìlì gíga, kí ó kọjú sí aṣọ gbọnrangandan. Bí ẹ bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kí ẹ tó fi keystone (ètò inú rẹ̀ tó ń mú àwòrán tó wọ́ tọ́) tún un ṣe, ẹ ti jẹ nínú àwòrán, lẹ́tà á sì di fúlẹ̀fúlẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀: 3,000 ANSI lumens (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n wọ̀n ní ìlànà) ti tó fún aṣọ yìí bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ẹ ka ọ̀rọ̀ "ANSI" yẹn. Èyí tí wọ́n kọ 9,000 sí lára páálí rẹ̀ láìsí ANSI, ẹ má bá a ṣòwò kí ẹ tó fi ojú ara yín rí i.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, oòrùn ń wọ̀ n'Íbàdàn ní nǹkan bí aago 6:35. Ojú ọ̀run ṣì ń mọ́lẹ̀ títí di aago 7. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 7:15, kí fíìmù àkọ́kọ́ jẹ́ èyí tó mọ́lẹ̀ dáadáa, ti ojú ọ̀sán tàbí ti ọwọ́ yà. Àwọn tó jẹ́ òru nìkan, ẹ fi sí àárín.

Aṣọ fúnra rẹ̀: ẹ fi aṣọ dúdú tẹ́ ẹ lẹ́yìn kí ìmọ́lẹ̀ má bàa kọjá. Ihò okùn ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 50 yí i ká, kì í ṣe igun mẹ́rin nìkan. Atẹ́gùn ọyẹ́ á máa fẹ́ ẹ bí ìgbòkun, ojú òṣèré á máa wú, á máa joro.

Jẹ́nẹ́Kìíparọ́

Projẹ́kítọ̀ bí 300 W, láptọ́ọ̀pù 90, sípíkà méjèèjì bí 400, gílóòbù díẹ̀. Kò tó 1 kW. Jẹnẹrétọ̀ 2.5 kVA yín ń gbé bí 2 kW, ó ju tó lọ, bí ẹni tó ń ta tíì kò bá fi kẹ́tùlù 2,000 W bọ̀ ọ́. Ẹ kọ̀wé sára ẹkitẹ́ńṣọ̀n náà pé kí ẹnikẹ́ni má fi nǹkan kàn án.

Ọyẹ́ ń fẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn èrò ni kí jẹnẹrétọ̀ wà, mítà 30 ó kéré tán, lẹ́yìn ògiri, kí èéfín àti ariwo lè máa lọ síwájú dípò kó padà wá bá wọn. Wáyà 2.5 mm², kí ẹ tú u tán kúrò lára róòlù rẹ̀. Èyí tó ká jọ máa ń gbóná.

Bí iná ọba bá wà lọ́jọ́ náà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e, ẹ má sì yí padà sí i bó bá dé láàárín. Ẹ wọ orí jẹnẹrétọ̀ ní 6:30, kí ẹ má kúrò níbẹ̀ títí gbogbo èèyàn á fi lọ ilé. UPS 1,000 VA fún projẹ́kítọ̀ àti láptọ́ọ̀pù nìkan. Ẹ má fi sípíkà sí i. Ìdí rẹ̀ ni pé projẹ́kítọ̀ oníná gílóòbù tó bá kú lójijì kì í tàn padà kí ó tó tutù, èrò á sì ti dìde. Ẹ kún táńkì kí ẹ tó tan án. Ẹ má bu epo sí i nígbà tó ń ṣiṣẹ́.

Eruku ọyẹ́: ẹ yọ fílítà projẹ́kítọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ gbọn ọ́n. Bó bá dí, ẹ̀rọ á gbóná, á sì pa ara rẹ̀ láàárín fíìmù kẹsàn-án.

Ẹlẹ́tò

Ọ̀rọ̀ ètò ló kù. Ìrọ̀lẹ́ irú èyí kì í ṣe àṣà tuntun: ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá 1895, ní Grand Café ní Paris, fíìmù 10 ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lumière fi hàn àwọn tó sanwó, kò sì sí èyí tó pé ìṣẹ́jú kan. Sinimá bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àkójọ. Ní oṣù Kẹjọ 1903, Glover Memorial Hall l'Ékòó gba tirẹ̀. Paris kan náà ni àjọ̀dún fíìmù Très Court wà láti 1999, fíìmù tí kò ju ìṣẹ́jú 4 lọ ni wọ́n ń gbà. Ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá tí ẹ mú yìí, ọjọ́ tó kúrú jù ní apá àríwá ayé, ní 2011 ni Faransé kọ́kọ́ fi ṣe ọjọ́ fíìmù kúkúrú. Ẹ lè sọ èyí lórí màíkì, ó tó ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan.

Títò: ẹ má fi èyí tó dára jù síwájú, èyí tó yé gbogbo èèyàn ló yẹ níbẹ̀. Ẹ má to fíìmù ikú méjì tẹ̀ léra, ẹ má sì fi àwàdà lé ikú lẹ́yìn lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi èyí tí kò lọ́rọ̀ dí àárín wọn. Ẹ má fi orílẹ̀-èdè kan náà tẹ̀ léra. Ti ìṣẹ́jú 5 kí ó wà ní ipò kejì sí ìkẹyìn. Ipò ìkẹyìn fún ti ìṣẹ́jú 2 tó ń pani lẹ́rìn-ín.

Abala mẹ́ta: 5, 5, 4. MC sọ̀rọ̀ ṣáájú kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 3, ó tán. Bí ó bá sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 2 péré lẹ́yìn fíìmù kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 28 ti lọ, ó sún mọ́ ìdajì àkókò tí fíìmù fúnra wọn ń gbà. Mo mọ̀ pé àwọn MC kò ní fẹ́ gbọ́ èyí.

Ẹ má gé orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gùn lẹ́yìn fíìmù. Bó bá gùn jù, ẹ béèrè bóyá wọ́n ní èyí tó kúrú.

Bí ẹ bá fẹ́ kí èrò dìbò, ìwé kan fún èèyàn kan látẹnu ọ̀nà, kí wọ́n dì í lẹ́yìn abala kẹta. Lẹ́yìn fíìmù 14, kò sẹ́ni tó rántí àkọlé. Ẹ kọ ohun tí ojú rí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "ọmọ àti kẹ̀kẹ́", "ìyá àti agboòrùn".

Aláago7

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ìbéèrè kan péré: bí láptọ́ọ̀pù bá kú láàárín ńkọ́?

OníWáyà

Ẹ fi fáìlì mẹ́ta náà sórí láptọ́ọ̀pù kejì, kí ó wà ní títàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, VLC ní ṣíṣí, ojú kíkún, kí ó dúró lórí ìbẹ̀rẹ̀ abala tí ẹ wà. Wáyà HDMI kan fún kálukú lọ sí ihò méjì ọ̀tọ̀ lára projẹ́kítọ̀. Bó bá jẹ́ ihò kan ṣoṣo ni, ẹ ra HDMI switch. Ẹ tẹ àkókò tí fíìmù kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sórí bébà kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì: fíìmù 3, 08:41, fíìmù 4, 12:55. Bí èkíní bá kú, Ctrl+T nínú VLC, ẹ tẹ àkókò yẹn, Enter, ẹ yí ihò. Kò ní tó ìṣẹ́jú kan.

Lórí méjèèjì: ẹ pa Wi-Fi, ẹ pa ìkìlọ̀ WhatsApp, ẹ ní kí kọ̀ǹpútà má sùn, kí Windows má ṣe àtúnṣe ara rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí ẹ sì wo gbogbo ètò látòkè délẹ̀ lára aṣọ ní alẹ́ ọjọ́ 20, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ ní títàn.